Erékùṣù Tí Aláboyún Ti Lè Jẹun Yó

Aláboyún tó bá fẹ́ lọ gbafẹ́ ní erékùṣù ilẹ̀ olóoru, tí oúnjẹ aládùn sì wà lọ́kàn rẹ̀, kó tó wo àwòrán etíkun, kó bèèrè ohun tí wọ́n ń sè níbẹ̀. Oyún máa ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àìsàn jà kù. Kòkòrò listeria wà lára àwọn tó burú jù. Inú wàràkàṣì rírọ̀, ẹran tútù àti ẹja tí iná ò dé inú rẹ̀ ló máa ń sá sí, ó sì lè ba oyún jẹ́. Iná ló ń pa á.

Ẹ wo erékùṣù Mauritius. Dholl puri, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà gbígbóná lójú pópó, kò ní wàhálà. Ẹja marlin tí wọ́n fi èéfín tútù sá, tí wọ́n fi ń yangàn níbẹ̀, ni kí ẹ yẹra fún. Ooru èéfín yẹn kò tó pa kòkòrò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja mìíràn ni marlin. Mẹ́kúrì ara gbogbo ohun tó ti jẹ ń kó jọ sí i lára, ó sì lè pa ọpọlọ ọmọ inú lára. Kò sí bí ẹ ṣe lè sè é tí mẹ́kúrì yóò fi kúrò.

Barbados ni èmi yóò mú. Cou-cou àti ẹja tó ń fò ni oúnjẹ tí wọ́n fi ń dá orílẹ̀-èdè wọn mọ̀. Ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ ilá ni cou-cou. Ẹni tó bá ti jẹ túwó rí kò ní wò ó bí àjèjì. Ẹja náà kéré, mẹ́kúrì ara rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní Oistins, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ojú yín ni wọ́n ti ń yan ẹja. Bí wọ́n bá pe “dolphin”, ẹ má bẹ̀rù, ẹja mahi-mahi ni. Ẹ fi marlin àti swordfish sílẹ̀, àti barracuda pẹ̀lú, nítorí májèlé ciguatera inú ẹja àpáta iyùn kì í gbọ́ ti iná. Souse ọjọ́ Sátidé, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jẹ ní tútù, ó dìgbà tí ẹ bá bímọ tán.

Ackee tí àwọn ará Jamaica ń fi ẹja oníyọ̀ sè, iṣin wa náà ni. Òfin rẹ̀ kò yí padà ní òkè òkun: èyí tí kò bá lanu fúnra rẹ̀ lórí igi, májèlé ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kó ṣọ́ iyọ̀ ẹja náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ńkọ́? Kò sí ibà malaria ní Barbados, ó ṣì wà ní erékùṣù Zanzibar. Ti àrùn Zika le jù: òun ló mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pàjáwìrì ní 2016, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń bí ọmọ olórí kékeré ní Brazil. Ọ̀sán ni ẹ̀fọn rẹ̀ sábà ń jẹni, ìbálòpọ̀ náà sì ń gbé e. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi dókítà yín bó ṣe rí ní erékùṣù náà lásìkò yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá sí ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n oyún ló rọrùn jù fún ìrìn-àjò. Láti ọ̀sẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú a máa bèèrè ìwé dókítà, wọn kì í sì í sábà gbé olóyún ọmọ kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì. Ọjọ́ ìpadàbọ̀ ni kí ẹ fi ṣírò.