Stavelot: Ìlú Ìkookò àti Aláṣọ Funfun

Ìkookò kan wà nínú àmì ìlú Stavelot. Wọ́n ní nígbà tí Ẹni Mímọ́ Remaclus ń kọ́ ilé àwọn mọ́ńkì sí àfonífojì odò Amblève, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń bá a ru òkúta. Ìkookò yọ láti inú igbó, ó pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jẹ. Remaclus kò pa ìkookò náà ní tirẹ̀. Ó kó o ní ìjánu, ó gbé òkúta lé e lẹ́yìn, ìkookò sì di aláàárù títí iṣẹ́ fi parí. Àròsọ ni, ṣùgbọ́n ilé náà kì í ṣe àròsọ. Nǹkan bí ọdún 651 ni wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Sigebert Kẹta, ọba Austrasia, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni ìlú ti hù.

Agbègbè Liège ni Stavelot wà, ní ìlà-oòrùn Wallonia, apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé ní Bẹ́ljíọ̀mù. Òkè àti igbó Ardennes ló yí i ká. Láti 1977 ni wọ́n ti da Francorchamps pọ̀ mọ́ ọn, síbẹ̀ gbogbo èrò ìjọba ìbílẹ̀ náà kò ju nǹkan bí 7,000 lọ. Ẹni tó bá fi iye yìí wọn ìlú náà yóò ṣì í wọ̀n, nítorí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, olú-ìlú ni Stavelot. Olórí àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ ni ọmọ aládé tó ń ṣàkóso Stavelot àti Malmedy, lábẹ́ Ọba-ńlá Jámánì.

Ìbejì ni ìlú méjèèjì, wọn kì í sì í gbà fún ara wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Liège ló ni Stavelot nínú ètò ìjọ, ti Cologne ló ni Malmedy, ìjà ta ni àgbà kò sì tán láàárín wọn. Nígbà tí Anno, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Cologne, já Malmedy gbà, àwọn mọ́ńkì Stavelot kò dúró lórí ẹjọ́ ẹnu nìkan. Ní 1071, wọ́n gbé àpótí tí egungun Remaclus wà nínú rẹ̀ lọ sí Liège, níbi tí Henry Kẹrin, ọba Jámánì, ti ń jẹun, wọ́n sì gbé e ka orí tábìlì ọba. Ta ni yóò máa jẹun lọ níwájú òkú ẹni mímọ́? Malmedy padà sọ́wọ́ wọn.

Ìgbà Wibald, tó jẹ olórí láti 1130 sí 1158, ni ògo ilé náà ga jù. Ó ní kí àwọn oníṣẹ́ wúrà máa dárà, wọ́n sì dá a. Ó dun ni pé ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọnà ilé náà lónìí yóò rìn jìnnà: pẹpẹ kékeré aláwẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ègé igi àgbélébùú sí wà ní Morgan Library ní New York, ère orí Póòpù Alexander wà ní Brussels, Bíbélì ńlá tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ṣáájú ìgbà Wibald, láàárín 1093 àti 1097, sì wà ní London. Àpótí Remaclus tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, kò kúrò nílé. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Sébastien títí di òní.

Àwọn ọmọ ogun ìyípadà ilẹ̀ Faransé ló fòpin sí ìjọba àwọn mọ́ńkì, ní 1794 sí 1795. Wọ́n ta ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn, àwọn tó rà á sì wó o kó òkúta rẹ̀ lọ; apá kan nínú ilé ìṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá: ní 1815, wọ́n fi Malmedy fún Prọ́ṣíà, wọ́n fi Stavelot fún Nẹ́dálándì, ní 1830 Stavelot di ara Bẹ́ljíọ̀mù. Báyìí ni ìbejì ṣe bára wọn ní ìhà méjì ibodè. Odò kékeré kan, Eau Rouge, ni ààlà, àwọn aṣọ́bodè sì dúró tì í. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni Malmedy tó bọ́ sọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀mù, tí ààlà fi pa rẹ́.

Kò pẹ́ tí ààlà lọ tí ọkọ̀ fi dé. Ní 1920, Jules de Thier tó ni ìwé ìròyìn *La Meuse* àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà so Francorchamps, Malmedy àti Stavelot pọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 15, láti fi sáré ìje. Àwọn alùpùpù ló kọ́kọ́ sáré níbẹ̀, ní 1921. Ibi tí ọ̀nà ti kọjá lórí Eau Rouge wá di kọ́nà tí àwọn awakọ̀ Formula 1 ń fi ọkàn wọn wé ti ara wọn. Ẹ̀wà ọ̀nà àtijọ́ náà kò ní kó má pànìyàn. Ní 1966, nínú òjò, Jackie Stewart já kúrò lọ́nà, ó há sínú ọkọ̀ tí epo ti kún, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jà fún ààbò nínú eré ìje. Ní 1979 ni wọ́n gé ọ̀nà náà kù sí nǹkan bíi kìlómítà 7.

Ọ̀rọ̀ oṣù Ọ̀pẹ 1944 kò ṣe é fi eré sọ. Ní ọjọ́ 18, ọmọ ogun SS ti Jámánì, tí Joachim Peiper ṣáájú, wọ Stavelot. Lójú ọ̀nà Francorchamps, níbi tí àwọn Amẹ́ríkà kó epo bẹntiróòlù jọ sí, wọ́n da epo sílẹ̀, wọ́n sì tanná sí i kí ọkọ̀ ogun má baà kọjá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn SS pa àwọn ará ìlú àti àwọn abúlé ìtòsí nípakúpa, ó lé ní 100, ìyá àtọmọ. Ìwé ìtàn máa ń dárúkọ àwọn sójà Amẹ́ríkà 84 tí wọ́n pa ní Baugnez lẹ́bàá Malmedy. Ti Stavelot pọ̀ ju ìyẹn lọ, àwọn tó ń dárúkọ rẹ̀ ló kéré.

Ìlú yìí tún ní ìtàn gbèsè kan. Ní ìgbà ẹ̀rùn 1899, ìyá kan tó fẹ́ràn tẹ́tẹ́ fi ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sí ilé àlejò kan níbẹ̀, ó sì kọrí sí kàsínò ìlú Spa. Oṣù Ọ̀wàrà dé, ìyá fi owó ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́, kò fi owó ilé kún un. Àwọn ọmọ na pápá bora lóru. Ẹ̀gbọ́n nínú wọn ló di Guillaume Apollinaire, akéwì ńlá ilẹ̀ Faransé. Mùsíọ́ọ̀mù rẹ̀ wà nínú ilé àwọn mọ́ńkì tó ṣẹ́ kù, lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ti ọkọ̀ ìje.

Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà Stavelot, ẹ wá wo àwọn Blancs Moussis, àwọn aláṣọ funfun. Ìtàn wọn ni pé ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, ọmọ aládé ìlú fòfin de àwọn mọ́ńkì pé wọn kò gbọdọ̀ bá ará ìlú ṣe kánífà mọ́. Ará ìlú ní kò burú: bí mọ́ńkì kò bá lè wá, àwọn yóò di mọ́ńkì fúnra wọn. Wọ́n wọ aṣọ funfun bíi tiwọn. Nígbà tí wọ́n tún fòfin de ìyẹn, wọ́n fi ìbòjú kún un, tòun ti imú pupa gígùn rebete. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jáde títí di òní. Wọ́n á fi àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí gbá èrò lórí, wọ́n á fi ẹja ṣawá gbígbẹ rìn yín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á da ègé bébà wẹ́wẹ́ lu yín mọ́lẹ̀. Wọ́n tún máa ń lẹ bébà yẹ̀yẹ́ mọ́ ògiri káàkiri, ẹni tó bá sì ṣìwà hù láàárín ọdún á bá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀. Olóyè kì í bínú. Bó bá bínú, yẹ̀yẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú kẹrin nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Àjíǹde, ni wọ́n ń ṣe é: ọjọ́ 7 oṣù Ẹrẹ́nà ní 2027, ọjọ́ 26 oṣù kan náà ní 2028. Ọkọ̀ ojú irin kì í dé Stavelot mọ́. Ẹ wọ ti Liège sí Luxembourg, kí ẹ sọ̀ ní Trois-Ponts, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ débẹ̀. Bí àyè bá gbà yín, ẹ yà ní Coo, níbi tí omi Amblève ti ń já wálẹ̀ látòkè, nǹkan bíi mítà 15. Àwọn mọ́ńkì ló mú un fẹ̀ sí i ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ìtẹ̀ odò tí omi náà fi sílẹ̀ ti di adágún ilé iṣẹ́ iná mànàmáná: wọ́n á fa omi rẹ̀ gun òkè nígbà tí iná bá pọ̀, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ nígbà tí ilé gbogbo bá ń fẹ́ iná.