Irú Fọ́kìlíìfù Wo Ni Ó Yẹ Iṣẹ́ Wa?

Fọ́kìlíìfù, ọkọ̀ oníka-irin méjì tí ń gbé ẹrù sókè, kò ṣàjèjì mọ́ ní èbúté Apápá àti ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá. Ó lè gbé àpò kòkó 16, tí í ṣe nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó bá fẹ́ ra mẹ́rin tàbí márùn-ún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé, nínú àwọn tí ń lo ẹ́ńjìnnì, oríṣi méjì ni ó gbajúmọ̀. Ọ̀nà tí agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà dé táyà ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkínní ni torque converter, tí Hermann Föttinger, ọmọ Jámánì, hùmọ̀ ní 1905. Abẹ̀bẹ̀ méjì ni ó dojú kọ ara wọn nínú ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan; ọ́ìlì tí èyí ń tì síwájú a sì máa yí èkejì, tí ń gbé agbára lọ sínú gíà. Owó ìrà rẹ̀ dínkù, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni ó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ó dára fún ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n apá kan nínú agbára rẹ̀ a máa ṣòfò di ooru, bíréèkì rẹ̀ a sì máa tètè jẹ.

Èkejì ni hydrostatic, irú èyí tí iléeṣẹ́ Linde ti Jámánì fi gbajúmọ̀. Kò ní gíà tí a ń pààrọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù a sì máa ti ọ́ìlì gba inú páìpù lọ sí mọ́tò tí ń yí táyà. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tí ó fi ń mú un sáré, ọkọ̀ náà a dẹ̀rìn, a sì dúró fúnra rẹ̀. Ó ń dín epo àti bíréèkì kù níbi iṣẹ́ àlọ-àbọ̀ kúkúrú. Ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ìdọ̀tí inú ọ́ìlì sì lè ba pọ́ǹpù rẹ̀ jẹ́, àtúnṣe rẹ̀ sì ń fẹ́ ẹni tí ó kọ́ ọ.

Ẹni tí yóò roko kì í mú àáké dání. Kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ wọn ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò máa rìn, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tí yóò máa lọ síwájú, tí yóò sì máa padà sẹ́yìn, láàárín wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹrù ni yóò máa gbé sínú lọ́rì láti àárọ̀ di alẹ́, hydrostatic lè dá owó rẹ̀ padà. Bí ọ̀nà bá jìn, tàbí tí iṣẹ́ kò pọ̀ lójúmọ́, torque converter ti tó.

Ewu ń bẹ nínú kí a da méjèèjì pọ̀ láìkọ́ awakọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ tí ń dúró fúnra rẹ̀ ti mọ́ lára lè gbàgbé bíréèkì nígbà tí ó bá gun èkejì, alágbàṣe tí ó wà níwájú ni yóò sì fara gbá a. Ẹ kọ́ awakọ̀ kí ọkọ̀ tó dé.