Iná Òrùka fún Yíya Àwòrán Kòkòrò Oko: Ìlànà fún Àwọn Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

 Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá nínú ìwé yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti irúgbìn. Ọ̀rọ̀ àwòrán yíyà ni, àti ti iná kékeré kan tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá dà bí ọ̀rọ̀ afẹ́ lójú ẹnikẹ́ni nínú yín, kí ó jọ̀wọ́ ṣe sùúrù kí ó kà á dé ibi tí a ti sọ̀rọ̀ àgbàdo.

Nígbà tí kòkòrò bá wọ oko lóde òní, ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọn a yọ fóònù, wọn a ya àwòrán ewé tí ó bàjẹ́ náà, wọn a sì fi í ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, tàbí sí ọmọ wọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbésẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni kò wúlò fún ẹni tí ó gbà á. Ewé kan ni yóò rí, ohun dúdú kan wà láàárín rẹ̀, òjìji ọwọ́ ẹni tí ó yà á sì ti bo ìdajì. Kò lè mọ̀ bóyá ìdin ni tàbí ìgbẹ́ ẹyẹ. Ó di dandan kí ó máa dábàá lásán, àgbẹ̀ yóò sì fi owó gidi ra oògùn lórí àbá.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbàdo ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ìdin kan tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá ní ìhà tiwa yìí, ní Nàìjíríà, Benin àti Togo. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní fall armyworm. Nínú ìwé yìí, ìdin ọmọ-ogun ni a ó máa pè é. Inú ewé àárín àgbàdo, níbi tí ó ká bí àrọ, ni ó ń fara pamọ́ sí, tí ó sì ń jẹ ẹ́ láti inú wá. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ìdin tí ń jẹ àgbàdo wa. Ìdin tí ń lu pòròpórò ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́ kí ó tó dé, àpá tí ó sì ń fi sára ewé ní ìbẹ̀rẹ̀ jọ ti àlejò yìí púpọ̀. Bí èyí bá ti wọ inú pòròpórò lọ, oògùn tí ẹ bá fín sí ara ewé kò lè bá a níbẹ̀ mọ́. Ṣe ni ẹ da owó yín sórí ilẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń dá wọn mọ̀? Ẹ wo ìdin ọmọ-ogun tí ó ti dàgbà díẹ̀. Níwájú orí rẹ̀ ni ìlà fífunfun kan wà tí ó rí bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Ní ìhà ìdí rẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin wà tí a tò ní igun mẹ́rin ọgbọọgba, bí ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó. Bí ẹ bá rí méjèèjì papọ̀, iyèméjì kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ìdin náà kò gùn ju bíi sẹ̀ńtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nígbà tí ó bá dàgbà tán, àmì kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àwòrán tí ó ṣú bàìbàì kò lè fi wọ́n hàn. Àkókò pẹ̀lú kò dúró deni: bíi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré ni ìdin náà ń lò kí ó tó wọ ilẹ̀ lọ di ohun mìíràn, ìgbà tí ó ṣì kéré sì ni oògùn lè ràn án. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ márùn-ún ya àwòrán, tí ó tún un yà, ti fún ọ̀tá láyè.

Ẹ ó béèrè pé, kí ló dé tí àwòrán ohun kékeré fi ń ṣòro báyìí, nígbà tí oòrùn Ọ̀yọ́ mọ́lẹ̀ tó bí ó ti mọ́lẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé, bí ẹ bá sún mọ́ kòkòrò tó ìwọ̀n ìka mélòó kan, fóònù fúnra rẹ̀ àti orí yín ni yóò dí oòrùn. Bí ẹ bá sì tan iná tí ó wà lẹ́yìn fóònù, ẹ̀gbẹ́ ojú tí ó ń ya àwòrán ni iná náà wà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan ni ó ń tàn sí. Apá kan yóò funfun kọjá ààlà, apá kejì yóò ṣókùnkùn. Nínú ewé àgbàdo tí ó ká, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kò tilẹ̀ ní dé ìsàlẹ̀ rárá.

Àwọn oníṣègùn eyín ni wọ́n kọ́kọ́ bá irú wàhálà yìí pàdé. Ẹnu ènìyàn jìn, ó ṣókùnkùn, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì kéré, gẹ́gẹ́ bí àárín àgbàdo. Ní ọdún 1952, Lester A. Dine ní Amẹ́ríkà ṣe iná kan tí ó yí ojú kámẹ́rà ká bí òrùka, kí wọ́n lè fi ya àwòrán eyín. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń ti gbogbo àyíká ojú kámẹ́rà jáde, ibi tí kámẹ́rà bá ń wò gan-an ni iná ń lọ, òjìji kò sì ríbi dúró sí. Kò pẹ́ tí àwọn tí ń ya àwòrán kòkòrò àti òdòdó fi gbà á lọ́wọ́ wọn.

Iná òrùka gidi tí àwọn ilé iṣẹ́ kámẹ́rà ńlá ń ṣe wọ́n púpọ̀, a kò sì gbà yín níyànjú láti rà á. Irú méjì tí kò wọ́n ni ó wà. Èkíní ni òrùka kékeré tí a ń há mọ́ orí fóònù, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ya ara wọn, tí a sì ń fi okùn ṣájà fóònù gba iná sí. Ẹ lè bá a ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò fóònù. Èkejì wà fún ẹni tí ó ní kámẹ́rà: òrùka tí a ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì pẹ̀lú irin róbótó tí a fi ń so ó. Kí ẹ tó ra ti kámẹ́rà, ẹ wo iye mìlímítà tí a kọ sí iwájú lẹ́ńsì yín, bí 52, 58 tàbí 67, kí ẹ sì rí i pé irin tí ó bá a mu wà nínú páálí náà.

Ẹ má ṣe gba ohun gbogbo tí a kọ sára páálí gbọ́. Púpọ̀ nínú àwọn òrùka olówó pọ́ọ́kú tí a ń pè ní fláàṣì kì í ṣe fláàṣì rárá. Iná tí ó dúró lójú kan ni, kì í ṣe èyí tí ń kọ mànà. Fláàṣì a máa yára tó bẹ́ẹ̀ tí ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì yóò dà bí ẹni pé ó dúró. Iná tí ó dúró kò lè ṣe èyí. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó di ewé mú. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì lágbára, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà. Bí ẹ bá dín àlàfo náà kù sí ìdajì, ìmọ́lẹ̀ tí yóò bà á yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lọ, nígbà tí òtútù ṣì mú kòkòrò tí kò lè sáré, tí afẹ́fẹ́ kò sì tíì dìde. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ojú fóònù, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, nítorí eruku ọyẹ́ nìkan tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín ti ìhà tàbí orúnkún, kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Ẹ fi ìka kan ojú fóònù níbi tí kòkòrò wà, kí ó lè mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ó wò. Bí àwòrán bá ṣú nítorí pé ẹ sún mọ́ ọn jù, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀. Ó sàn kí kòkòrò kéré nínú àwòrán tí ó mọ́ ju kí ó tóbi nínú èyí tí ó ṣú lọ. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó kékeré ní ojú kan tí wọ́n ní ó wà fún ohun kéékèèké. Ní èrò tiwa, ojú ńlá fóònù náà láti ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sàn jù ú lọ nígbà púpọ̀. Ẹni tí ó ní kámẹ́rà, kí ó dín ihò lẹ́ńsì rẹ̀ kù sí 11 tàbí 16, nítorí pé bí a bá sún mọ́ ohun kékeré tímọ́tímọ́, ìwọ̀n mìlímítà kan sí méjì péré ni yóò mọ́ kedere, ìyókù yóò ṣú.

Ibi tí iná yìí ti wúlò jù lọ lẹ́yìn àgbàdo ni abẹ́ ewé ẹ̀gẹ́. Abẹ́ ewé ni eṣinṣin funfun tí ń gbé àrùn ẹ̀gẹ́ kiri ń gbé, kò sì ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ. Níbẹ̀ náà ni ẹ ó ti bá kòkòrò onílẹ́búlẹ́bú funfun tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù wá, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà láti àwọn ọdún 1970 síwájú. Kì í ṣe oògùn ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Agbọ́n kékeré kan tí a mú wá láti ilẹ̀ Paraguay ni, èyí tí ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ ní ọdún 1981. Hans Herren tí ó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí rẹ̀ ní ọdún 1995. Agbọ́n yìí a máa yé ẹyin sínú kòkòrò onílẹ́búlẹ́bú. Kòkòrò náà a gbẹ, a le, a sì di àwọ̀ ilẹ̀.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Bí àwòrán yín bá fi hàn pé láàárín àwọn funfun, àwọn kan wà tí ó ti gbẹ tí ó sì ti di àwọ̀ ilẹ̀, agbọ́n ti ń bá yín ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fín oògùn apakòkòrò, ẹ ó pa alágbàṣe tí kò gba owó. Ohun mìíràn tún wà: ọmọ kòkòrò róbótó kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le máa ń jẹ kòkòrò onílẹ́búlẹ́bú, ṣùgbọ́n òun náà a máa bo ara rẹ̀ ní lẹ́búlẹ́bú funfun tí ènìyàn yóò fi rò pé ọ̀tá ni. Ọ̀rẹ́ ni. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwòrán tí iná òrùka tàn sí dáadáa lè ṣe é.

Ó kan máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́. Níhìn-ín ni àbùkù iná òrùka ti ń hàn, a kò sì ní fi bò fún yín. Èèpo máńgòrò ń dán, òrùka iná náà yóò sì hàn lára rẹ̀ bí ojú funfun tí ó la kalẹ̀, tí yóò bo ibi tí a fẹ́ wò gan-an. Bákan náà, nítorí pé kò sí òjìji, ohun tí ó tẹ̀ wọnú àti ohun tí ó wú jáde yóò rí bákan náà. Ìyàtọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì. Ihò kékeré tí omi ń sun jáde nínú rẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ eṣinṣin èso, èyí tí irú kan nínú rẹ̀ ti Éṣíà wọ Áfíríkà, tí a sì kọ́kọ́ rí ní Kenya ní ọdún 2003. Àpá dúdú tí ó fẹ̀ tí ó sì tẹ̀ wọnú jẹ́ àrùn olú, oògùn apakòkòrò kò sì ràn án. Ní ti eṣinṣin, kíkó èso tí ó jábọ́ kúrò nílẹ̀, kí a dì í sínú ọ̀rá dúdú kí a sì sá a sóòrùn, ṣe pàtàkì ju oògùn lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fi bébà bo ìdajì òrùka, kí ìmọ́lẹ̀ lè wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, òjìji díẹ̀ yóò sì fi ihò hàn. Ẹ fi bébà tíṣù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ìdajì tí ó kù kí ó má baà dán jù. Ẹ yí èso náà díẹ̀díẹ̀ títí ojú funfun yóò fi kúrò níbi àpá. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ ní òrùka rárá lè gé ìdí ife ike funfun kan, kí ó fi dé kòkòrò náà mọ́lẹ̀ nínú oòrùn, kí ó sì gba ibi tí ó gé ya àwòrán. Ike náà yóò tú oòrùn ká, yóò sì ṣe bí òrùka.

Nígbà tí ẹ bá ń fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ má fi ti kòkòrò nìkan ránṣẹ́. Ẹ ya oko, ẹ ya odindi igi tàbí pòròpórò, ẹ ya ewé lójú àti lábẹ́, kí ẹ tó wá ya kòkòrò náà. Ẹ fi rúlà tàbí igi ìṣáná kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí ń wò ó lè mọ bí ó ti tóbi tó. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ abúlé, àti iye ọ̀sẹ̀ tí ohun ọ̀gbìn náà ti lò nílẹ̀. Bí ẹ bá gba WhatsApp fi í ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fọ́tò, nítorí pé WhatsApp a máa fún fọ́tò pọ̀, àwọn àmì kéékèèké mẹ́rin náà a sì parẹ́. Ẹ má sì ṣí ìgò oògùn kí èsì tó dé.

Iná náà fúnra rẹ̀ kò fẹ́ omi àti eruku. Ẹ fi ọ̀rá dì í nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ láti oko, ẹ sì gba iná sí i ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá lò ó, kí ó má baà kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ tí ìdin bá tún yọjú.