Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Yíyan Ibùwọ̀ fún Ìdílé ní Ouidah àti Grand-Popo

Láti oṣù kejì ọdún ni kajú ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú oko wa ní Bassila àti Manigri, tí àwọn oníṣòwò sì ń dé pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti owó. Nígbà tí ìkórè bá parí, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì ń múra láti gba ìsinmi, ohun kan wà tí àwọn ọmọ wa ń béèrè lọ́wọ́ òbí wọn: wọ́n fẹ́ rí òkun. Ìbéèrè náà kò burú. Òkun wà nínú òwe wa, ó wà nínú oríkì, ó sì wà nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì tí à ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tí ì fojú kàn án rí. Ìdílé tí agbára rẹ̀ bá ká a, ó yẹ kí ó ṣe é.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń pète irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ni a kọ́kọ́ ń yàn, lẹ́yìn náà aṣọ, lẹ́yìn náà ọkọ̀. Ibi tí a ó sùn ni a ń fi sí ìkẹyìn, bí ẹni pé ilé kan ṣáà máa wà. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí a wo ìdílé wa dáadáa kí a tó yan ibùwọ̀ fún un. Kì í ṣe ẹni tí ó lágbára jù láàárín wa ni kí a fi wọn ilé náà, bí kò ṣe ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀: ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò mọ ewu, àti ìyá àgbà tí kò lè sáré. Ilé tí ó bá tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn yóò tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn.

Ìlú méjì, ìtẹ̀dó méjì

Ní etíkun orílẹ̀-èdè wa, Ouidah àti Grand-Popo wà lára àwọn ìlú tí ìdílé máa ń ronú kàn jù. Ouidah wà ní bí 40 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Cotonou. Grand-Popo tún wà níwájú, ní bí 80 kìlómítà sí Cotonou, nítòsí ẹnubodè Togo ní Hilla-Condji. Orúkọ etíkun ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìtẹ̀dó wọn yàtọ̀, ìyàtọ̀ yìí ni ó sì ń pinnu irú ilé tí a ó bá níbẹ̀.

Àárín ìlú Ouidah kò sí létí òkun rárá. Ọ̀sà wà láàárín òun àti òkun. Ọ̀nà tí à ń pè ní Route des Esclaves, tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ ojú omi, gùn tó bí kìlómítà mẹ́rin láti àárín ìlú títí dé etí iyanrìn, níbi tí Porte du Non-Retour dúró sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọ̀ sí àárín ìlú yóò wà nítòsí ọjà, ilé ìtajà oògùn, tẹ́ḿpìlì àwọn erè àti ilé ìjọsìn Basilique tí ó dojú kọ ọ́. Ó kàn ní láti wọ ọkọ̀ kí ó tó dé etí òkun ni. Ẹni tí ó bá wọ̀ sí etí òkun yóò máa wo ìgbì láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n bí ibà bá mú ọmọ lóru, òun ni yóò wá ọkọ̀ nínú òkùnkùn.

Grand-Popo yàtọ̀. Ìlú náà na ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́: òkun wà ní gúúsù rẹ̀, omi ọ̀sà àti ti odò Mono sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kékeré lè gbé ìdílé lọ wo ibi tí odò náà ti wọ inú òkun, tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy. Ní ọdún 2017, UNESCO ka àgbègbè odò Mono, ní Benin àti Togo, mọ́ àwọn ibi tí a ń dáàbò bo ẹ̀dá inú rẹ̀. Ìlú náà tún ní Villa Karo, ilé àṣà tí àwọn ará Finland dá sílẹ̀, níbi tí ọmọ tí iyanrìn ti sú lè rí ìwé kà.

Ohun tí ó yẹ kí àlejò mọ̀ nípa Grand-Popo ni pé òkun ti gbé apá ńlá nínú ìlú àtijọ́ náà mì. Àwọn ilé òwò tí àwọn òyìnbó kọ́ nígbà ìjọba amúnisìn, púpọ̀ nínú wọn ti bá omi lọ. Nítorí náà, kí ilé sún mọ́ omi jù kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára jù.

Òkun kì í ṣe odò wa

Ọmọ tí ó mọ lúwẹ̀ẹ́ nínú odò ní ọ̀dọ̀ wa lè rò pé òkun náà kò lè ṣòro. Èyí ni àṣìrò tí ó ń pa ènìyàn. Ní etíkun wa, ìgbì ń fi agbára ya lulẹ̀ nítòsí iyanrìn. Àwọn Faransé ń pè é ní *la barre*. Omi púpọ̀ tí ìgbì gbé wá gbọ́dọ̀ padà, ó sì ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan padà sínú òkun. Ẹni tí ó bá bọ́ sójú ọ̀nà yẹn, omi náà yóò fà á lọ, bí ó tilẹ̀ mọ lúwẹ̀ẹ́. Ohun tí ó ń tan àlejò jẹ ni pé ojú ọ̀nà yìí máa ń dà bí ibi tí omi ti rọ̀ jù, nítorí pé ìgbì kò ya níbẹ̀.

Bí omi bá fa ènìyàn, kí ó má ṣe bá a jìjàkadì láti dorí kọ etí iyanrìn tààrà. Kí ó máa wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí yóò fi jáde nínú ojú ọ̀nà omi náà, kí ó tó yí padà sí iyanrìn. Bí kò bá lágbára mọ́, kí ó léfòó, kí ó gbé ọwọ́ sókè, kí ó sì kígbe. Ẹni tí kò mọ lúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí omi ti dé kókósẹ̀ rẹ̀, kí ọmọdé má sì ṣe dé ibẹ̀ láìsí ọwọ́ àgbà nínú ọwọ́ rẹ̀.

Èyí kan yíyan ilé gbọ̀ngbọ̀n. Bí ilẹ̀kùn yàrá bá ṣí tààrà sórí iyanrìn, tí kò sí ọgbà tàbí géètì láàárín, ìyá kò ní lè fojú lé oorun. Àárọ̀ kùtù, tí àgbà ṣì ń sùn lẹ́yìn àárẹ̀ ọ̀nà, ni ọmọ ń jí lọ wo omi. Bákan náà ni ìkùdù ìwẹ̀ inú òtẹ́ẹ̀lì: bí kò bá ní ọgbà tí a lè tì, ewu ni ó jẹ́ nínú ilé tí a sanwó fún.

Irú ibùwọ̀ mẹ́ta

Àkọ́kọ́ ni òtẹ́ẹ̀lì etí òkun. Ó ní ìmọ́tótó, iná àti olùṣọ́, oúnjẹ sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe yàrá rẹ̀ fún, ìdílé wa kì í sì í ṣe ẹni méjì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan, àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye tí òtẹ́ẹ̀lì kankan ń gbà. Bí yàrá kan bá jẹ́ 20.000 fáráǹkì lálẹ́, tí ìdílé ẹni méje gba yàrá mẹ́ta fún òru mẹ́ta, 180.000 fáráǹkì ti lọ kí a tó fi ohunkóhun kan ẹnu.

Èkejì ni odindi ilé tí a gbà fún ọjọ́ díẹ̀, tí ó ní ibi ìdáná. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 45.000 lálẹ́, òru mẹ́ta jẹ́ 135.000, iṣu tí a gbé láti Manigri sì lè di iyán nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò sùn pọ̀, ìyá àgbà yóò ní yàrá tirẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bí omi bá dá tàbí iná bá lọ, kò sí ẹni tí a ó ké sí bí kò ṣe onílé, tí ó lè má gbé nítòsí.

Ẹ̀kẹta ni ilé ẹbí tàbí ará ìlú tí ó ń gbé etíkun. Èyí ni àwọn bàbá wa mọ̀, ó sì ní iyì. Ṣùgbọ́n àlejò méje nínú ilé oníyàrá méjì, ẹrù ni. Bí a bá yàn án, ẹ jẹ́ kí a fi tó onílé létí kí ó tó pẹ́, kí a mú iṣu àti gàrí lọ, kí a sì fi owó ọjà lé ìyàwó ilé lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó má baà dá ẹrù náà gbé.

Ohun tí a ó béèrè kí a tó sanwó

Abéèrè kì í ṣìnà. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni kí a bi onílé lórí fóònù:

— Ẹni mélòó ni ẹ ń gbà sínú yàrá kan, ṣé ọmọdé sì ń sanwó?

— Ṣé ọgbà yí ilé náà ká, ta ni ó sì ń ṣọ́ ọ lóru?

— Ṣé àwọ̀n ẹ̀fọn wà lórí ibùsùn gbogbo? Ọ̀sà ń bí ẹ̀fọn, ibà kò sì mọ ìsinmi. Bí kò bá sí, kí a gbé ti ilé lọ.

— Kí ni ó wà nítòsí yín? Bí ó bá jẹ́ ilé ọtí tí ń lu orin títí di òwúrọ̀, ọmọ kò ní sùn, àgbà kò sì ní sùn.

— Ibo ni ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín jù?

— Níbo ni mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì wà? Ìdílé Mùsùlùmí yóò tún béèrè bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ inú ìkòkò ilé ìdáná náà, nítorí ó wọ́pọ̀ ní gúúsù.

Kí a má ṣe san ju àsansílẹ̀ díẹ̀ lọ kí a tó fojú rí ilé, kí a sì gba ìwé ẹ̀rí owó. Àwòrán orí fóònù kì í fi ariwo hàn, kì í sì í fi òórùn hàn. Bí ẹnì kan nínú wa bá wà ní Cotonou, kí ó lọ wo ilé náà fún wa ṣáájú.

Ìgbà tí ìlú ń kún

Ọjọ́ ayẹyẹ dùn, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni ibùwọ̀ ń ṣọ̀wọ́n. Ní Ouidah, oṣù kìíní ni àkókò àjọ̀dún ẹ̀sìn ìbílẹ̀, láti ọdún 2024 sì ni ìjọba ti ń ṣe Vodun Days ní àkókò náà, tí àlejò ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ní Grand-Popo, àkókò Pẹ́ńtíkọ́sì ni àwọn Xwla àti Xwéda ń péjọ síbẹ̀ fún Nonvitcha, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1921. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ayẹyẹ gbọ́dọ̀ ti gba ilé ní oṣù méjì ṣáájú, kí ó sì yan èyí tí ó jìnnà díẹ̀ sí pápá ìṣeré. Ẹni tí ìsinmi nìkan ń wù, kí ó yẹra fún ọjọ́ wọ̀nyẹn. Kí ó rántí pẹ̀lú pé oṣù kẹfà ni òjò etíkun ń pọ̀ jù, òjò sì lè ti ìdílé mọ́ yàrá kan fún odindi ọjọ́. Oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò ibẹ̀ ń sinmi díẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ sì wà ní títì, sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà Bantè, Savalou, Dassa-Zoumè àti Bohicon ju 300 kìlómítà lọ. Ọjọ́ kan gbáko ni ó ń gbà. Kí a má ṣe fi òru wọ ìlú tí a kò mọ̀, tí a ó máa wá ilé kiri pẹ̀lú ọmọ tí ń sùn léjìká.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yìí tọ́ sí yín. Ẹ̀yin ni ẹ ní fóònù, ẹ̀yin ni ẹ gbọ́ Faransé. Ẹ jókòó ti bàbá àti ìyá yín, ẹ pe ilé mẹ́ta ó kéré tán, ẹ kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé, kí ẹ sì kà á fún gbogbo ilé. Kí ìyá àgbà náà sọ tirẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé: bí ẹni méje bá jáde kúrò ní Manigri, ẹni méje ni ó gbọ́dọ̀ padà wá ròyìn òkun.