Palermo: Oòrùn, Òkun àti Alásè Dúdú Kan

Ẹni tó bá dé Palermo, olú-ìlú erékùṣù Sísílì ní orílẹ̀-èdè Ítálì, nínú oṣù Keje, oòrùn ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ á ti lù, ìmọ́lẹ̀ á ṣì wà lórí òkè Pellegrino. Ọjà Ballarò ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, nítorí ọjà ni ojú ìlú. Igbe àwọn ẹlẹ́ja ibẹ̀ dà bí orin. Bí ènìyàn bá di ojú, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé Ọjà Ọba ní Ìbàdàn ni òun wà.

Ibẹ̀ ni mo ti jẹ panelle. Wọn a po ìyẹ̀fun ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní ceci mọ́ omi, wọn a rò ó lórí iná bí ẹni ro àmàlà títí yóò fi ki, wọn a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó tutù, kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì dín in. Inú búrẹ́dì ni wọ́n ń fi í sí. Ẹ̀yin òǹkàwé, àkàrà òun búrẹ́dì ni, àfi pé tiwa ló dùn jù.

Láti 831 títí di 1072, àwọn Mùsùlùmí ló ṣàkóso ìlú yìí. Àwọn Norman gbà á lọ́wọ́ wọn, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1185 sì wà níbi tí mọ́ṣáláṣí wà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, òpó kan wà ní ẹnu-ọ̀nà gúúsù tí ẹsẹ Àlùkùránì wà lára rẹ̀ títí dòní. Èmi tí mo dàgbà nínú ẹbí tó ń jẹ ẹran Iléyá, tó sì ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì, mo pẹ́ níwájú òpó náà.

Ṣùgbọ́n Benedetto ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ọmọ ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà ni. Sísílì ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí 1526. Alásè ni ní ilé àwọn arákùnrin Franciscan. Kò mọ̀wé, síbẹ̀ wọ́n fi í ṣe olórí ilé náà. Ó kú ní 1589. Ní 1807, Póòpù kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Alágbàwí ìlú Palermo ni òun àti Rosalia. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil náà fẹ́ràn rẹ̀. São Benedito ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ní oṣù Keje 2023, iná igbó jó ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria di Gesù tí wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀ sí. Díẹ̀ ló ṣẹ́kù.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà sí Ballarò, mo rí ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà.

“Ẹ kú ọjà, mà.”

“Ọmọ mi! Ọmọ ibo ni ọ́?”

Mo bèèrè ọkọ̀ tó ń lọ sí Mondello, etíkun tí ará ìlú ń sá lọ bí oòrùn bá mú. Ó júwe rẹ̀ fún mi. Mo ní ṣé àwọn náà máa ń lọ síbẹ̀ lọ gbatẹ́gùn.

“Láti Líbíà ni mo ti gba orí omi wá,” ni ó wí. “Òkun tí mo rí nígbà yẹn ti tó mi.”

Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣe èènì fún mi. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹwàá, 2013, ó lé ní 360 ènìyàn tó kú nínú ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo nítòsí Lampedusa, erékùṣù kékeré tó wà lábẹ́ Sísílì.

Omi Mondello mọ́ gaara, iyanrìn rẹ̀ funfun, àwọn ọmọdé ń pariwo nínú rẹ̀. Àríwá ni etíkun náà kọjú sí. Ẹ̀yìn wa ni Líbíà wà, ní òdì-kejì erékùṣù.