Ta Ló Ni Àgbàlá?

Bí ènìyàn bá gbọ́ bí àwọn ayàwòrán-ilé òde òní ti ń sọ̀rọ̀ nípa ilé alágbo, èyíinì ni pé kí a kó ilé púpọ̀ jọ sójú kan kí ilẹ̀ tí ó kù lè jẹ́ ti gbogbo ará ibẹ̀, yóò rò pé òkè òkun ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kó ọgbọ́n náà wọ̀lú. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa rárá. Agbo ilé ni àwọn baba wa ń pè é. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ti ṣe àpèjúwe rẹ̀: ilé tí ó yí àgbàlá ká, tí ó ní ẹnu ọ̀nà kan, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé tí ó bára tan sì ń gbé inú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni bí wọ́n ti ń pinnu ẹni tí yóò kọ́lé níbẹ̀, àti ibi tí yóò kọ́ ọ sí.

Kò sí ẹni tí í dédé mọ ilé sínú agbo ilé. Ọkùnrin tí ó ń múra àtigbéyàwó yóò kọ́kọ́ sọ fún baba rẹ̀; baba yóò mú obì lọ bá baálé; baálé yóò sì pe àwọn àgbà ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí obì yìí má ṣe tàn wá jẹ: ìgbìmọ̀ ni wọ́n jókòó ṣe. Wọn yóò rìn dé ojú ibẹ̀. Wọn yóò wo ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá, nítorí ẹni tí ó bá dí ojú àgbàrá, yàrá ẹlòmíràn ni omi yóò wọ̀. Wọn yóò wo ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé rẹ̀ yóò máa dà sí, kí ó má baà jẹ ògiri aládùúgbò. Wọn yóò béèrè bóyá òkú wà nílẹ̀ níbẹ̀, àti òkú ta ni. Àwọn ìyálé pẹ̀lú ní ohùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbà sọ ọ́ jù lọ: àwọn ni ó mọ ibi tí èlùbọ́ ti ń rí oòrùn àti ibi tí èéfín ààrò ń fẹ́ sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá gún, a ó kan èèkàn tàbí kí a gbin pèrègún sí ààlà, a ó sì bẹ ọ̀wẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgbàlá gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Yàrá ní ẹni tí ó ni ín, ojúlé pàápàá ní. Àgbàlá kò ní ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè na ọwọ́ sí i pé, tèmi ni. Ibẹ̀ ni a ti ń sá èlùbọ́, ibẹ̀ ni a ti ń pàlọ́ nígbà òṣùpá, ibẹ̀ ni a ti ń parí ìjà, tí a sì ti ń ṣe ìnáwó òkú àgbà. Ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ tí ó ń sun ẹkún ìyàwó, láti ojúlé dé ojúlé ni ó ń lọ gba ìre. Àgbàlá ni ọ̀nà rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ìdajì lítíréṣọ̀ alohùn wa ni kò bá má sí bí kò bá sí àgbàlá, wọ́n a sì máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fi ṣe àwàdà.

Èyí kò wí pé gbogbo nǹkan ni ó dára nínú agbo ilé àtijọ́. Iná kan ṣoṣo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa jó òrùlé koríko ilé púpọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kànga àti ṣáláńgá a máa súnmọ́ ara wọn jù. Wolé-wolé tí àwọn àgbà wa ń sá fún kì í ṣe ọ̀tá. Nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ó di ohun tí ìjọba amúnisìn kò lè mójú kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ní 1928 ni wọ́n dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú náà ṣe. Òfin ètò ìlú àti ìgbèríko ti gbogbo Nàìjíríà tẹ̀ lé e ní 1946. Láti 1955 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín Èkó kan, tí wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé Sùúrùlérè mọ́, ó sì ní afẹ́fẹ́. Síbẹ̀, Peter Marris, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1961, rí i pé ẹbí tú ká, ọjà àwọn oníṣòwò kéékèèké kú, ọ̀pọ̀ kò sì lè máa yọjú sí àwọn àgbà wọn mọ́ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ó ya àwòrán náà ka iye yàrá. Wọn kò ka ẹni tí ó ń bá ẹni jẹun.

Ọ̀rọ̀ náà ti yí padà lónìí. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti dá a ní 2003 pé ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ètò ìlú, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó jókòó sípò baálé àti àwọn àgbà ilé. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ra ilẹ̀ ẹ́kà mẹ́rin lọ́wọ́ ẹbí kan lẹ́yìn ìlú, tí ó fẹ́ kọ́ ilé ọgbọ̀n síbẹ̀, mẹ́fà mẹ́fà yí àgbàlá kan ká. Òṣìṣẹ́ ètò ìlú yóò béèrè ìwé ilẹ̀, yóò béèrè ìwé awọ́nlẹ̀, yóò wọn bí ilé ti jìnnà sí títì, yóò wo gọ́tà, yóò wo bóyá ọkọ̀ panápaná lè wọlé. Ohun rere ni gbogbo èyí. Àwọn àgbà àtijọ́ ìbá yọ̀ sí ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn.

Ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé: nígbà tí ilé-iṣẹ́ yìí bá ta ilé ọgbọ̀n tán tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé àgbàlá? Lórí àwòrán, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, ó dára lójú. Kò pẹ́ tí fẹ́ǹsì ẹnì kan yóò fi sún díẹ̀. Ẹlòmíràn yóò gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. A sì mọ̀ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀bù yóò dé, a ó sì gbọ́ pé ẹnì kan tà á. Ta ni ó tà á? Nípa ilẹ̀ ẹbí, ilé ẹjọ́ wa ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé títà tí kò ní ọwọ́ olórí ẹbí nínú, òfo ni. Àgbàlá ẹ́sítéètì kò ní olórí ẹbí tí yóò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ará ìlú kì í sì í gbọ́ nígbà tí ó yẹ. Òfin 1992 lórí àyẹ̀wò àyíká sọ ọ́ di dandan pé kí a yẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ wò kúlẹ̀kúlẹ̀ bí ilẹ̀ rẹ̀ bá tó 50 hẹ́kítà, ìyẹn ni pé ó ju 700 pulọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní 120. Ẹ́kà mẹ́rin kò sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri, èdè òyìnbó ni, àwòrán rẹ̀ sì ṣòro fún ọ̀mọ̀wé pàápàá.

Lójú tèmi, kò yẹ kí ọ́fíìsì kankan fọwọ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ títí a ó fi mú ìwé wá pé àgbàlá ti di ti gbogbo ojúlé ibẹ̀ lápapọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onílé, tí ń gba owó iná àti owó ọdẹ lónìí, ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ baálé láìmọ̀. Òfin 2020 lórí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sì fi àyè gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì ni ilẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ ètò ìlú kó àwọn ará àdúgbò lọ sí ojú ilẹ̀ náà, kí ó fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ibi tí àgbàrá yóò gbà. Kí a gbin pèrègún yí àgbàlá náà ká kí ẹni tí yóò ra ilé àkọ́kọ́ tó san owó rẹ̀.