Gìtá Wo Ni Ká Rà? Ohun Tí Ìyá Ẹlẹ́wà Fi Hàn Wá Ní Ọjà Ekiosa

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń gbé nílùú Benin àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ gìtá la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ló kan òun nínú gìtá. Ó kàn yín o. Ẹ rántí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú tí ẹ lọ gbẹ̀yìn. Ọmọ ẹnì kan ló ń ta gìtá níbẹ̀, owó ẹnì kan la sì fi rà á. Owó yẹn gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìyá kan wà ní ọjà Ekiosa tí a mọ̀ sí Ìyá Ẹlẹ́wà. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wọn ẹ̀wà àti gàrí níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì pé ogún ọdún, ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gìtá ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń lò. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń kọrin jùjú lóde àríyá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, wọ́n sì ń fún un ní nǹkan mú lọ sílé. Ṣùgbọ́n àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì fárí, wọ́n ní gìtá àwọn kò gbọdọ̀ dé òde àríyá mọ́. Olórí àwọn eléré náà sì sọ fún un pé bí kò bá ní gìtá tirẹ̀ kó tó di òde tó ń bọ̀, àwọn á mú ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àjọ kan Ìyá Ẹlẹ́wà. Owó tó fẹ́ fi ra ẹ̀wà kún ìsọ̀ ni o, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè wá, ó ní: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wà ni mo mọ̀, mi ò mọ gìtá. Ẹ bá mi dá sí i, kí ọmọ yìí má lọ fi owó ẹ̀wà mi ra igi lásán."

ÀWA NÁÀ TI JÌN SÍ KÒTÒ RÍ

Kí ẹ má baà rò pé ọlọ́gbọ́n ni wá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí a wà nínú rẹ̀ dá owó jọ láti ra gìtá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. A wọ ìsọ̀ kan, a rí mẹ́ta tó dúdú tó ń dán, orúkọ ńlá wà lórí wọn, a sanwó. Irú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé wọn jáde, ohùn kan náà ni wọ́n ń mú wá. Wọ́n bo ara wọn mọ́lẹ̀, etí ò mọ èyí tó ń ṣáájú yàtọ̀ sí èyí tó ń gbè. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn wa, gbogbo gìtá sì ń kùn bí agbo oyin. Kó tó pé ọdún kan, ọrùn méjì nínú wọn ti wọ́. Orúkọ ńlá tó wà lórí wọn ńkọ́? Ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ fún wa pé wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn ni. A ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwa la fi ojú nìkan rajà.

ÌDÍLÉ MÉJÌ

Gìtá oníná mànàmáná pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n inú ìdílé méjì ni ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ ń rí lọ́jà ti ṣẹ̀ wá. Ìdílé kìíní ni ti Leo Fender, ará California ní Amẹ́ríkà, tó ń tún rédíò ṣe kó tó di pé ó ń ṣe gìtá. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ gìtá ta! Telecaster rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Stratocaster sì tẹ̀ lé e ní 1954. Ìdílé kejì ni ti ilé iṣẹ́ Gibson, tí wọ́n gbé Les Paul jáde ní 1952, tí wọ́n sì fi orúkọ olórin kan sọ ọ́. Nítorí àwọn tí owó wọn kò tó ti ńlá, Squier wà lábẹ́ Fender láti 1982, Epiphone náà sì wà lábẹ́ Gibson láti 1957. Àìmọye ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe èyí tó jọ wọ́n.

Ohun tó ya ìdílé méjèèjì sọ́tọ̀ jùlọ ni píkọ́ọ̀pù. Òun ni òòfà tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín wé lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ okùn gìtá. Bí okùn bá ti gbọ̀n, píkọ́ọ̀pù á sọ ìgbọ̀nrìrì yẹn di iná, iná náà á wọ inú áńpù lọ, áńpù á sì fi ariwo rẹ̀ hàn ayé.

Ẹ̀ka wáyà kan ṣoṣo ló wà nínú píkọ́ọ̀pù Stratocaster kọ̀ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó ń dún ketekete bí agogo. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í ṣe okùn nìkan ló ń gbọ́. Ó ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ó ń gbọ́ tíránsífọ́mà, ó ń gbọ́ iná gígùn funfun tí a ń tàn sínú gbọ̀ngàn àríyá. Ìkùn yẹn ló dójú tì wá lọ́jọ́ kìíní àná. Ní 1955, òṣìṣẹ́ Gibson kan, Seth Lover, wá ọgbọ́n sí i. Ó fi ẹ̀ka wáyà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì mú kí ìkejì ṣe òdìkejì ìkíní, débi pé ariwo tó bá wọ inú méjèèjì á pa ara rẹ̀. Humbucker ni wọ́n ń pè é, apa-ìkùn la lè pè é lédè tiwa. Láti 1957 ló ti wọ inú Les Paul. Ohùn tirẹ̀ ki, ó kún, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kú.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà tí ọwọ́ máa ń mọ̀ kí etí tó mọ̀ ọ́n. Ibi tí okùn ti ń gbọ̀n lára gìtá Fender gùn tó íǹṣì 25 àti ààbọ̀. Ti Gibson kò ju íǹṣì 24 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Èyí tó gùn máa ń le díẹ̀ lábẹ́ ìka, èyí tó kúrú máa ń rọ̀. Les Paul sì wúwo: ọ̀pọ̀ nínú wọn ju kílò mẹ́rin lọ. Lójú ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì fún wákàtí kan, ìyẹn ò tó nǹkan. Lọ́rùn ẹni tó dúró lóde àríyá láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí, ẹrù ni.

Fún ẹni tí gìtá kan péré ni agbára rẹ̀ ká, èyí tó pa ìdílé méjèèjì pọ̀ wà. Yamaha Pacifica 112, bí àpẹẹrẹ, ní píkọ́ọ̀pù ẹlẹ́yọ kan méjì àti apa-ìkùn kan lára.

ORIN WA ŃKỌ́?

A kì í dá gìtá yàn láìmọ orin tó fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Àyìndé Bákárè ni ìtàn jùjú mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tó so gìtá mọ́ iná, ní 1949. Kó tó dìgbà náà, ìlù kò lè pọ̀ nínú jùjú, nítorí gìtá á rì sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí gìtá ti wá lè ké, ààyè gba gángan àti àwọn ìlù mìíràn. Nígbà tó fi máa di ti Ebenezer Obey àti Sunny Adé, gìtá ti di púpọ̀ lórí ìtàgé: ọ̀kan ń ṣáájú, ọ̀kan ń dáhùn, ọ̀kan ń tún gbólóhùn kúkúrú kan pè láìsinmi, èyí tó jinlẹ̀ sì ń gbé gbogbo wọn dúró. Nínú àwo Jùjú Music tí Sunny Adé gbé jáde fún gbogbo ayé ní 1982, ẹ ó gbọ́ gìtá Démọ́lá Adépọ̀jù, irú tí wọ́n ń fi irin fà lórí ìdúró, tó ń yọ̀ lọ bí ohùn ènìyàn.

Ẹ wo àwọn onídùndún wa. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì ń gbè é, gúdúgúdú ń pa tirẹ̀. A ò tíì rí onídùndún tó lọ ra ìyáàlù mẹ́ta kó tó ní gúdúgúdú kan. Àṣìṣe tí ẹgbẹ́ wa ṣe nìyẹn.

Ẹ tún wo ọmọ ìlú tí a ń gbé yìí, olóògbé Victor Uwaifo, ẹni tí Joromi rẹ̀ gba ìgboro kan ní àwọn ọdún 1960, tó sì dágbére fáyé ní 2021. Gìtá tó kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́ ní kékeré, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, sípókù kẹ̀kẹ́ ló sì fi ṣe irin ọrùn rẹ̀. Orúkọ kankan kò sí lórí gìtá náà.

ÌDÁNWÒ LÁÀÁRÍN ÀPÒ Ẹ̀WÀ

Ní Sátidé, ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkúnbọ̀ gbé gìtá méjì wá sí ìsọ̀ Ìyá Ẹlẹ́wà. Ọ̀kan jọ Stratocaster, funfun tó ti ń pọ́n. Èkejì jọ Les Paul, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, orúkọ ńlá sì wà lórí rẹ̀. Ojú ọmọ náà kò kúrò lára aláwọ̀ oyin. Onígbàjámọ̀ tó wà nítòsí yá wa ní sókẹ́ẹ̀tì, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń dún gbamugbamu. A ní ibi tó yẹ ká ti dán an wò gan-an nìyí.

Funfun kọ́kọ́ kùn. Ọmọ náà yí ara padà díẹ̀, ìkùn dínkù. Ó ti bọ́tìnnì sí àárín píkọ́ọ̀pù méjì, ó tún dínkù sí i. Aláwọ̀ oyin kò kùn rárá, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ọmọ náà ní: "Màmá mi, èyí ni."

Ìyá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n wò, ó ní ó wúwo. Ó wá ń fi èékánná tọ́ ọ láti ìdí lọ sókè, bí ẹni tó ń wá ibi tí iṣu ti rà. Ẹ̀yìn ọrùn, níbi tí orí ti tẹ̀ sẹ́yìn, ló dúró sí. "Kí ni ìlà yìí?" Ẹni tó gbé e wá ní ó kàn họ ni. A rọra tẹ orí gìtá náà, ìlà sì lanu bí ètè.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ibi tí irú gìtá yìí ti máa ń kán nìyẹn, nítorí orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, igi ibẹ̀ sì tín-ín-rín. Wọ́n lè lẹ̀ ẹ́, kó sì pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n a kì í san owó odidi fún ohun tó ti kán. Ọkùnrin náà kọ̀ láti dín owó kù. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

A wá yẹ funfun wò. A wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí bí káfíńtà ṣe ń wo pákó, bóyá ó tọ́. A tẹ gbogbo irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn lórí okùn kọ̀ọ̀kan, bóyá ọ̀kan á dún gììrì. Ní irin kejìlá, ohùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti okùn tí a kò tẹ̀, kó kàn ga ní ìpele kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gìtá náà kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu láé. A fa okùn, a wò ó bóyá ohùn á jábọ́. A mi ìdí wáyà bóyá ohùn á já. Irin méjì ti jẹ, bọ́tìnnì kan ń họ. Ìwọ̀nyí ṣe é tún ṣe.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ẹlẹ́wà béèrè pé: "Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ńkọ́, ṣé á ṣì máa dún?" A rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ló béèrè ìbéèrè tó dára jù lọ́jọ́ náà. Gìtá oníná tí kò ní áńpù, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ. Ọmọ náà kò tíì ro owó áńpù, kò ro wáyà, kò ro okùn àpààrọ̀, kò ro àpò tó máa gbà á lọ́wọ́ òjò ìlú yìí. Ká ní aláwọ̀ oyin ló rà, ìbá gbé gìtá délé láìní ohun tó máa fi dún.

ÈYÍ TÓ TÓ

Funfun ni wọ́n rà. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n rí áńpù kékeré kan. Èyí tó ṣẹ́kù ra ẹ̀wà díẹ̀, kò tó iye tí Ìyá Ẹlẹ́wà ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìsọ̀ rẹ̀ kò ṣófo. Ọmọ náà lọ sí òde àríyá wọn. Ó ṣẹlẹ̀ pé gìtá tó ki lohùn ni olórí wọn ń lò, nítorí náà ti ọmọ yìí tó ń dún ketekete rí ààyè tirẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa kò gùn. Ẹ ra ọ̀kan tó pé, kí ẹ tó ronú ìkejì. Ẹ má ra ìkejì àfi tí iṣẹ́ kan bá wà tí ti àkọ́kọ́ kò lè ṣe, kó sì jẹ́ èyí tó yàtọ̀ sí i. Bí ẹgbẹ́ ló fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohùn tó ti wà nílẹ̀.

A ò ní purọ́ fún yín pé inú ọmọ náà dùn lọ́jọ́ yẹn. Ojú rẹ̀ kò rọ̀. Ó ń tẹ̀ lé ọkùnrin tó ń gbé aláwọ̀ oyin lọ pẹ̀lú ojú títí ó fi wọ àárín èrò. Ó bi ìyá rẹ̀ pé bí òun bá wá rí èyí tó wu òun ńkọ́. Ìyá Ẹlẹ́wà kò gbé ojú sókè níbi tó ti ń wọn ẹ̀wà fún oníbàárà. Ó ní: "Ta èyí, kí o fi ra ìyẹn. Mi ò ní kí o tà á o. Mo ní kí o ta á."